Òrí Tí Mo Fi Ra Ọta Ìbọn Àǹtí Mi

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí mo ṣí agolo ìda oyin Àǹtí mi, tí mo rí i pé ó ti tán. Ọjọ́ yẹn kọ̀, kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi dáadáa, torí mo mọ̀ pé ẹ máa rò pé òmùgọ̀ ni mí. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ jàre.

Àbúrò màmá mi ni Àǹtí Yẹ́misí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Ilé wọn ní Beltsville, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti gboyè nínú kẹ́mísírì, tí gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí fún iṣẹ́ ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé àwọn ti rí ẹlòmíì. Ọdẹ ni bàbá wọn nílé, lẹ́bàá Ṣakí. Àwọn ọmọkùnrin nìkan ni bàbá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀tù sí ìbọn. Iṣẹ́ Àǹtí mi ni kí wọ́n gbé omi ìmu wá, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà tí ara tù wọ́n díẹ̀, wọ́n ra ìbọn tiwọn, wọ́n sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn díje ní Brandywine.

Kì í ṣe ìbọn òde òní o. Ìbọn tí wọ́n ṣe bíi ti ayé àtijọ́ ni, ẹ̀tù dúdú ló ń lò, èéfín rẹ̀ sì máa ń bolẹ̀ bíi pé wọ́n ń sungbó. Kálukú ló ń di ọta tirẹ̀: wọ́n á fọ ìkaraun idẹ tí wọ́n ti yìn, wọ́n á wọn ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi páálí pẹlẹbẹ bò ó, wọ́n á wá fi òjé dé e lórí. Òjé yìí ní ojú ilà yípo ara rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n bá fi ra ibẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èérí ẹ̀tù gan mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Ìda oyin àti ọ̀rá màlúù ni Àǹtí mi máa ń yọ́ pọ̀. Bí ọta kan bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì, méjèèjì ò ní balẹ̀ sójú kan.

Ẹgbẹ́ náà fẹ́ yan ẹni mẹ́rin tí yóò ṣojú wọn níbi ìdíje ńlá kan. Ó ku àyè ẹnì kan. Àgbàlagbà Amẹ́ríkà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Kẹ́pítínì ló ń darí wọn, ó sì ti sọ pé ẹni tó bá yìn dáadáa jù ní Sátidé ló máa gba àyè náà. Àǹtí mi fẹ́ ẹ bí ẹní fẹ́ ọmọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ìbọn wọn dé ibẹ̀ ni ẹnì kan ṣì máa ń béèrè bóyá ọkọ wọn ló ni ín.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè di ọta lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n bá wọn dì í. Wọ́n ní, “Ṣebí kẹ́mísírì lo kà? Kí ni mo tún ń bẹ̀rù?”

Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Ẹ fojú inú wo ẹni tí gbogbo ayé ò fún níṣẹ́, tí ẹnì kan wá fún ní ẹyọ kan ṣoṣo. Mo fọ ìkaraun idẹ wọ̀nyẹn bí ẹní wẹ ọmọ tuntun. Mo tò wọ́n sínú ófùn kí wọ́n lè gbẹ. Nígbà tí Àǹtí mi ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ Ẹtì, tí ebi ń pa wọ́n, wọ́n ṣí ófùn, wọ́n rò pé mo yan tọ́kì dè wọ́n. Wọ́n wo idẹ, wọ́n wò mí, wọ́n mu omi, wọ́n lọ sùn.

Kò pẹ́ sí i ni mo rí i pé ìda oyin ti tán. Mo fẹ́ lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà nínú báàgì wọn, báàgì sì wà nínú yàrá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́wọ́ sókè kí n kanlẹ̀kùn, mo gbọ́ tí wọ́n ń hanrun, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kí n tó kó dé ilé yẹn ni màmá mi ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: a kì í jí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, àgàgà ẹni tó gbani sílé.

Ni mo bá rántí òrí tí màmá mi fi ránṣẹ́, èyí tí mo fi ń para. Mo rò ó bí ọ̀mọ̀wé: ọ̀rá ni òrí, ọ̀rá ni ọ̀rá. Mo yọ́ ọ nínú ìkòkò ọbẹ̀, iná pọ̀ jù, èéfín sọ, ẹ̀rọ tó ń ké nígbà èéfín sì bú sígbe. Mo ń fò sókè, mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ. Àǹtí mi ké láti inú yàrá, “Kí ló ń jó?” Mo ní, “Kò sí nǹkan, mà.”

Ẹ gbọ́ mi yé. Wọ́n ti jí. Ohun tí mò ń sá fún ti ṣẹlẹ̀ tán, ìbéèrè kan péré ló kù, mo sì gbé e mì.

Yàrá abẹ́ ilé, níbi tí mo ti ń di ọta, tutù dáadáa. Òrí náà dì lára òjé, ó funfun, ó dán. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi, wọ́n sì fi àdúrà gígùn dá mi lóhùn.

Ní Sátidé, oòrùn mú bí iná. Páálí ọta wà nínú búùtù mọ́tò títí a fi dé Brandywine, lẹ́yìn náà ó tún wà lẹ́bàá àga wọn nínú oòrùn. Nígbà tó kan Àǹtí mi, tí wọ́n ṣí i, epo ti ṣàn wọ gbogbo ìdí ọta. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń fimú fínfín, ó béèrè ta ló pa ìpara irun wá. Àǹtí mi wo ojú mi. Mo wo bàtà mi.

Èyí àkọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó, òjé sì já bọ́ sáàárín ọ̀nà. Èkejì lọ sínú koríko. Ẹ̀kẹta dún díẹ̀, ohunkóhun ò jáde. Kẹ́pítínì gbọ́wọ́ sókè: ọta ti há sínú ọ̀pá ìbọn, òfin wọn sì ni pé ẹni tírú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ti parí tọjọ́ náà. Ó béèrè, tìfẹ́tìfẹ́, ta ló di ọta yìí. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Àǹtí mi yára jù mí lọ.

“Èmi ni mo ni wọ́n,” ni wọ́n wí.

Kẹ́pítínì rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí wọ́n ń rín sí àlejò. Ẹlòmíì ló gba àyè náà.

Nínú mọ́tò, mo ṣàlàyé òrí, mo ṣàlàyé ooru, mo ń ṣàlàyé bí ẹ̀tù ṣe rin nígbà tí wọ́n dá mi dúró. “Kì í ṣe òrí ló dùn mí. Mo wà nílé. Mo tiẹ̀ pè ọ́, mo bi ọ́.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ìbọ̀wọ̀ tí mo rò pé mò ń fún wọn, ẹ̀rù lásán ni, mo kàn wọ aṣọ ọmọlúàbí fún un. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rín tó korò lẹ́nu bí ewúro.

Ibi tí mo há sí rèé. Àyè kan tún máa ṣí nínú àwọn mẹ́rin náà kí òtútù tó dé. Àǹtí mi ti ń di ọta fúnra wọn, lọ́sàn-án, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa sùn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tòògbé lórí òṣùwọ̀n ẹ̀tù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Oúnjẹ wà nínú fíríìjì.” Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ǹ bá mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé lábẹ́ òrùlé ẹbí rí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wọn ni, àbí kí n kàn jókòó tì wọ́n, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan? Wọ́n wà nísàlẹ̀ báyìí, mo ń gbọ́ ìró idẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.