Ògiri Tó Kọ Sìmẹ́ńtì

Orí ni wọ́n fi ru ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ lánàá. Láti àdúgbò ẹ̀yìn Bọ́ládé ni Ògúnjìmí ti ru èépá sìmẹ́ńtì kan tó fẹ̀ tó àtẹ, títí dé Ìsọlọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi pa á mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ògúnjìmí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ lásán, ká má tíì sọ ti ẹ̀rí.

“Baálẹ̀, ilé amọ̀ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ògiri rẹ̀ lanu níbì kan. Mo pe Akíntáyọ̀ bíríkìlà yìí pé kó po amọ̀ dí i. Sìmẹ́ńtì ló rẹ́ mọ́ ọn. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré rọ̀, sìmẹ́ńtì bọ́, ó sì fa amọ̀ bàbá mi lọ́wọ́ dání. Ihò ńlá ló kù. Àwọn àbúrò mi ti ń sọ pé ká wó ilé náà, ká kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí òjò mìíràn bá bá ihò yẹn níbẹ̀, wọ́n borí mi nìyẹn.”

“Akíntáyọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Àmọ́ wọn ò pe ẹni tó jẹ̀bi.”

“Ta ni?”

“Ògiri ni. Ayé owó epo la wà yìí. Ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì ń tò létí omi bí ẹni ń tò nídìí ẹ̀rọ omi. Ta ló tún ń fẹsẹ̀ po amọ̀? Àlejò pàtàkì ni mo mú wá fún ògiri, ó ní òun ò gbà á. Agídí onílé ló ràn án.”

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ògúnjìmí ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mísbáù, tó ń bá Akíntáyọ̀ pọnmi, jẹ́rìí. “Òjò kọ́ o. Àgbò Àǹtí Fọlákẹ́ ló fara ha ògiri.”

Olúfọlákẹ́, ayálégbé Ògúnjìmí, dìde. “Àgbò wo? Èyí tá a pa nígbà Iléyá, tí ìwọ Mísbáù bá wa bó? Ẹ̀yìn Iléyá ni sìmẹ́ńtì bọ́.”

“Bí kì í bá ṣe òun, àbúrò rẹ̀ ni.”

“Kò lábùúrò.”

“Mísbáù, jókòó,” ni Akíntáyọ̀ wí.

Baálẹ̀ fi ìka kan èépá sìmẹ́ńtì náà. “Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. A ti gbọ́ ti bíríkìlà, a ò tíì gbọ́ ti ògiri.”

Ìjòyè Oyèlékè wúkọ́. “Baálẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé ògiri létí. Ẹnu ńkọ́?”

“Ògúnjìmí ní ó ti lanu. Ọ̀rọ̀ ló kù. Akíntáyọ̀, kó ẹní rẹ lọ síbẹ̀ lónìí. Ìdí ihò yẹn ni wàá máa sùn, kó o fẹ̀yìn ti ògiri, títí yóò fi rojọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá sọ̀rọ̀, wá jíṣẹ́ fún wa.”

“Baálẹ̀, tó bá wó lù mí ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn.”

Ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, Akíntáyọ̀ ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fẹsẹ̀ po amọ̀ lẹ́yìnkùlé Ògúnjìmí.

“Bíríkìlà, kí ló dé?” ni Olúfọlákẹ́ bi í.

“Ògiri ti sọ̀rọ̀.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní amọ̀ lòun fẹ́.”

Ògúnjìmí gbé èépá sìmẹ́ńtì rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìjòyè mẹ́ta ló rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ó mọ orúkọ wọn.