Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Omi Lọ́rùn Alága Jàbárù

Ọjọ́ kẹta rèé tí Jàbárù, alága àwọn ayálégbé nínú ilé kan ní Bwari, ti ti ẹ̀rọ omi pa, tó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ó ní omi ò ní yọ àfi bí gbogbo ilé bá fọwọ́ sí ìwé pé kí òun ṣe alága lọ nígbà kẹta. Àwẹ̀ró alágbàfọ̀ nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí i. Báàfù ńlá wà níwájú rẹ̀, aṣọ funfun kún inú omi ọṣẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Bí kò bá rómi ṣan án kó mọ́, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn ni wọ́n gbà lọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká a lára gan-an.

Jàbárù fa àga, ó jókòó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí ìjọba dé, ní òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín Àbújá. Ìrẹsì ọ̀fẹ́ ló bá lọ, ẹnu ló gbé bọ̀.

"Àwẹ̀ró, àìmọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba káàkiri ayé, o ò bá ti fọwọ́ síwèé yìí tipẹ́."

"Ẹ là mí lóye, Alága."

"Wo Ìlú Ọba. Ọba ni wọ́n ní. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ìgbà wo ló máa kúrò."

"Òun ló mú kọ́kọ́rọ́ omi lọ́wọ́?"

"Rárá. Ọba wọn kì í pàṣẹ. Olórí ìjọba ló ń pàṣẹ."

"Tí ọ̀rọ̀ olórí ìjọba bá sú wọn ńkọ́?"

Jàbárù wúkọ́. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ lè yọ ọ́."

"Láìdúró de ìgbà kẹta?"

"Fi Ìlú Ọba sílẹ̀, òjò ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Saudi ni kí o wò. Ọba ibẹ̀ ń jọba, ó tún ń pàṣẹ. Ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e."

"Wọ́n ń rómi lò?"

"Omi òkun ni wọ́n ń sọ di omi mímu."

"Nínú aṣálẹ̀?"

"Nínú aṣálẹ̀."

"Àwọn ará aṣálẹ̀ ń rómi fọṣọ, àwa tí òjò ń rọ̀ fún lẹ́sẹ̀ òkè ń wo ẹ̀rọ lójú."

Jàbárù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ní Ṣáínà, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ń ṣèjọba. Kò sí awuyewuye."

"Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún?"

"Wọ́n ju àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ."

"Tiyín ńkọ́?"

"Èmi àti ìyàwó mi." Ó ronú díẹ̀. "Kó tó padà sí Ìlọrin."

"Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń yan èèyàn sípò ààrẹ ní Amẹ́ríkà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Àwọn tí mò ń fọṣọ fún. Òfin ni wọ́n ń kọ́."

"Wọn ò tíì dé ilẹ̀ Switzerland. Àwọn méje ló ń ṣèjọba níbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ olórí. Ìwà ọmọdé."

"Àwa náà ńkọ́, Alága? Ìgbà wo la máa dìbò?"

"Nígbà tí nǹkan bá fara rọ." Ó na bírò sí i. "Fọwọ́ síwèé. Aago mẹ́rin ni lánlọ́ọ̀dù ń bọ̀ wá búra wọlé fún mi. Agbádá gínì mi tí mo ní kí o fọ̀ dà?"

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báàfù, ó fa apá agbádá kan jáde, ọṣẹ ń kán lára rẹ̀.

"Òun rèé. Ó ti ń retí omi láti ìjẹta."

"Kai. O ò ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà?"

"Ẹ ti lé mẹ́rúwà. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ omi ò gbọdọ̀ wọnú ọgbà yìí mọ́."

Jàbárù wo aago, ó wo ọṣẹ. Aago méjì ti kọjá. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

"Gbà. Tèmi ni kí o kọ́kọ́ fi omi ṣan."

Àwẹ̀ró fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ẹ̀rọ, omi sì ya jáde, ó wá so kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn ara rẹ̀. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́.

"Tèmi ńkọ́?"

"Ẹ tò sẹ́yìn, Alága. Ẹ̀yin ni ìkejìdínlógún."

"Ìwé tí o ò tíì fọwọ́ sí ńkọ́? Ìgbà wo lo sì máa dá kọ́kọ́rọ́ mi padà?"

Àwẹ̀ró ń fún aṣọ lọ, kò wojú rẹ̀.

"Nígbà tí nǹkan bá fara rọ."