Awò Gígùn Nínú Igbó Dídí

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ohùn mi ò lọ sókè mọ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ọ̀dọ̀ Ọdẹ́sànyà ni wọ́n ti rí i, ó sì ti rẹ ọkùnrin náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Òjò ló ba tirẹ̀ jẹ́ lọ́dún náà. Igbó dí débi pé ọwọ́ ẹni lè kan ẹran kójú tó rí i. Ó ń jáde láàárọ̀, ó ń fọwọ́ òfo wọlé, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní Ọdẹ Apẹ̀fọ́. Ṣọlápé ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jà. Ó kàn máa ń gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, á ní, "Bàbá Àlàbá, ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ pa rèé." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọdẹ́sànyà ju ebi lọ. Bí kò bá pa nǹkan wálé kí òjò tó lọ, orúkọ yẹn á bá a dé sàréè.

Ibẹ̀ ni Gbádébọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ti gba ọ̀ràn náà kanrí. Ó ní ojú Ọdẹ́sànyà ló ń kú lọ, òun á ra awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn fún un. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọdẹ nígboro. Wọ́n kó awò méjì síwájú wọn. Ọ̀kan kéré, kì í sọ nǹkan di ńlá, àmì pupa kan ló wà láàárín rẹ̀ tí èèyàn á gbé lé ẹran lára. Èkejì gùn bí ọmọ odó, wọ́n ní ó lè fa ẹran orí òkè kejì wá síwájú ẹni.

"Kékeré yìí ló bá igbó wa mu," ni Ọdẹ́sànyà wí. "Ẹran ibẹ̀ ò jìnnà sí wa, ewé ló bò ó."

Gbádébọ̀ yínmú. "Àna mi, ṣé èyí ni kí n sọ fáyé pé mo rà fún yín? Ẹni tó ríran jìnnà, ṣé kò ní rí ìtòsí ni? Ọlọ́jà, ẹ bá wa di èyí tó gùn."

Kí ni Ọdẹ́sànyà ó wí? Àna kì í fúnni ní nǹkan kéèyàn ní ó ti jù. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ìsọ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé wàhálà kọ́ èjìká.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ igbó àbàtà tó wà lẹ́yìn oko kòkó. Ó gbọ́ tí igbó ń mì, ó gbójú lé awò. Kí ló rí? Ewé kan ṣoṣo, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó yí ìbọn sọ́tùn-ún, ewé. Ó yí i sósì, ewé náà ni. Ibi tó ti ń wá ẹran kiri nínú awò ni ọ̀yà kan ti gun orí bàtà rẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ sáré.

Ó mí kanlẹ̀. Ó tún wò ó, ó rí irun. Irun ṣùù, ó kún inú awò fọ́fọ́! Ọkàn rẹ̀ ní, "Ẹfọ̀n rèé o," ó sì yìnbọn. Kòkòrò onírun kan ló ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ẹ̀ka iwájú rẹ̀. Ẹ̀ka já, ó bọ́ lulẹ̀ tòun ti ilé agbọ́n. Ìbọn sì ti ta sẹ́yìn, ìdí awò gbá a ní ìpéǹpéjú, ojú ọ̀tún wú, ó dí. Ojú òsì ló fi ń wá ọ̀nà sá, àfi gbì nínú àbàtà. Agbọ́n dúró dè é lókè. Tó bá yọrí, wọ́n á ta á. Tó bá rì í padà, ẹrẹ̀ á wọ̀ ọ́ nímú.

Nígbà tó sú agbọ́n, tí wọ́n lọ, Ọdẹ́sànyà jókòó sí bèbè àbàtà, ó sunkún. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó sunkún gidi. Kì í ṣe torí ojú tó wú. Bí òun ṣe máa tún fọwọ́ òfo gba àárín ìlú kọjá ló ń rò. Inú bí i, ó tú awò kúrò lórí ìbọn, ó sì fi gbogbo agbára jù ú sínú igbó. Ó gbọ́ "pọ̀!" Ó wọ́ra lọ wò ó. Awò ti ba ọ̀yà kan níwájú orí, ọ̀yà ti nà gbalaja.

Bó ṣe gbé e wọ̀lú, àwọn tó ń pè é ní Apẹ̀fọ́ ló ń kí i, "Àrìnpa o!" Wọ́n bi í bó ṣe pa á, òun náà sì lọ sọ òótọ́. Kí Ṣọlápé tó sọ ìkòkò kalẹ̀, Gbádébọ̀ àti olórí ọdẹ ti jókòó sílé, kálukú pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀.

"Ṣé mo wí i àbí mi ò wí i?" ni Gbádébọ̀ ń pariwo. "Awò mi ló pa á! Tẹ́lẹ̀, itan ni ti àna. Ti òní yìí, ìdajì ni."

Olórí ọdẹ, bàbá arúgbó tí kì í fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣeré, rán wọn létí pé orí ẹran jẹ́ tòun láti ayé àwọn baba ńlá wọn.

Ọdẹ́sànyà fi ojú kan tó ṣẹ́kù wò wọ́n. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó fa ìkòkò mọ́ra. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó gba tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ohun tójú mi rí, kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ro ti ewé, inú bí i, ó mú ègé kan sẹ́nu. Ó ro ti ọ̀yà tó fi bàtà rẹ̀ ṣe afárá, ó mú òmíràn. Nígbà tó fi máa dé ibi agbọ́n, ọwọ́ méjèèjì ló kì bọ ìkòkò. Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹnu ò sì dúró. Àwọn àlejò ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyà yìí mà pọ̀ o," wọn ò fura pé ìkòkò ń fúyẹ́. Ṣọlápé fura ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ìpín tirẹ̀ nídìí ààrò.

Ìgbà tí àròyé parí ni Gbádébọ̀ na abọ́. "Àna mi, itan dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Itan bá agbọ́n lọ."

"Orí ńkọ́?" ni olórí ọdẹ bi í.

Ọdẹ́sànyà fọwọ́ kan ojú tó wú. "Bàbá, ibi tí mo ti ń ro èyí ni orí parí sí." Ó wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó mí kanlẹ̀. "Ìyà ṣì kù tí mi ò tíì rò. Ẹran ni ò tó."

Olórí ọdẹ gbé abọ́ gbígbẹ rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ tọ́ Gbádébọ̀ léjìká. "Dìde, jẹ́ ká máa lọ. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ."