Àdúrà Tí Wọ́n Gbà fún Kónọ̀ Nínú Bọ́ọ̀sì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dublin kúnlẹ̀ gbàdúrà kíkankíkan nítorí ẹja. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà kiri ti fi iyọ̀ àti ata sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Nígbà náà, ilé Àǹtí Bùkọ́lá ní Hartstown ni mò ń gbé. Àǹtí kì í ṣe ẹbí mi gan-an. Òun àti ìyá mi jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà ní Ìkòròdú ni, ìyẹn sì tó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart ti tán, mo sì ń retí kí ibòmíràn pè mí. Ẹni tó bá ti retí ìpè rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Ìdí mi ò gba ìjókòó. Màá gòkè, màá sọ̀kalẹ̀, màá ṣí fíríìjì, màá tún tì í, bí ẹni pé mo sọ nǹkan nù sínú rẹ̀.

Àárín àkókò yìí ni Àǹtí àti ọmọ rẹ̀, Tèmi, fẹ́ lọ kí ìyá àgbà ní Ìkòròdú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dublin ni wọ́n bí Tèmi sí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó gbé Kónọ̀ wá síwájú mi nínú àpótí gíláàsì rẹ̀. Kónọ̀ ni ẹja bẹ́tà tó ń sìn láti kékeré. Kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, ìrù rẹ̀ gùn bíi léèsì, àwọ̀ búlúù ara rẹ̀ sì ti ń ṣí nítorí ogbó.

"He's old, Uncle," ó wí fún mi. "Just two bits in the morning. Two, right?"

"Tèmi," mo dáhùn, mo gbé àyà síwájú, "ẹja ni bàbá mi fi rán mi níléèwé!"

N kò parọ́. Bàbá mi sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ohun tí n kò sọ fún ọmọ náà ni pé ẹja àrọ̀ kan lè gbé Kónọ̀ mì láìmọ̀ pé òun jẹun, àti pé ẹja tiwa, a máa ń bọ́ ọ kó lè sanra títí ọjọ́ tí ìkòkò yóò fi pè é ni.

Bí ilé ṣe dá, tó ku èmi àti Kónọ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí Tèmi ní kí n fún un, ẹyọ kan rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bí àlejò bá wọ̀ sílé yín, ṣé orí abẹ́rẹ́ méjì lẹ ó gbé síwájú rẹ̀? Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti kọjá, n óò rí i tí yóò wá sókè omi, tí yóò yanu. Mo ní, "Ẹ wo ọmọ ọlọ́mọ, ebi ń pa á." Mo fi díẹ̀ kún un. Ó tún yanu. Mo tún fi kún un. Nígbà tó yá, mo mú edé gbígbẹ Àǹtí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gún un kúnná, mo bù ú sí i. Kónọ̀ jẹ edé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Inú mi dùn, ọwọ́ mi ríṣẹ́. Mo gbé àpótí rẹ̀ lọ sójú fèrèsé kó lè rí oòrùn, oòrùn ò yọ, mo gbé e padà.

Kò pẹ́ tí omi náà fi dúdú tí ó sì ń rùn. Ikùn Kónọ̀ yọ roboto. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ omi, kò mira. Àsìkò yẹn gan-an ni Tèmi pè lórí fídíò láti Ìkòròdú pé òun fẹ́ rí ẹja òun. Mo ní ó ń sùn. Ọmọ náà ní kí n bá òun kí i bó bá jí, mo ní ó dáa. Bí mo ṣe pa fóònù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí n óò fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Blanchardstown.

Ike áísíkiriìmù ni mo rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé ọmọ Yorùbá, ọbẹ̀ ata ló máa ń wà nínú ike áísíkiriìmù. Mo fọ̀ ọ́ títí òórùn ata fi lọ, mo gbé Kónọ̀ sínú rẹ̀ tòun ti omi, mo dé e, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ibùdókọ̀ kejì ni Màmá Alàgbà ti wọlé. Ìyá yìí ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wa, ìyá tó ti wà ní Dublin kí á tó mọ̀ pé ibẹ̀ wà. Ó jókòó sí ọwọ́ kejì mi.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ojú ẹ pọ́n. Kí ló dé?"

"Kónọ̀ ni, Mà. Ara rẹ̀ ò yá."

"Ta ni Kónọ̀?"

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ pé ẹja ni. Ṣùgbọ́n báwo ni géńdé tó gboyè ní yunifásítì ṣe máa la ẹnu sọ fún ìyá àgbà pé òun ń gbé ẹja lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ìtìjú mú mi.

"Ó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni, Mà. Ó ti dàgbà. Ikùn rẹ̀ wú, kò lè dìde."

"Yéè! Kò ní ẹbí ni?"

"Òun nìkan ni, Mà. Kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé. Bí wọ́n bá ti ríra, ìjà ni."

"Ẹ̀mí ìjà," Màmá wí, ó mi orí. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ike tó wà lórí itan mi. "O tún gbé oúnjẹ dání fún un! Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Mo ṣe àmín. Kí ni n bá tún ṣe? Màmá ti yọ fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù: "Ẹ̀yin ará, ẹ dìde fún Brother Kónọ̀ o! Arúgbó ni, kò lẹ́nì kan, ikùn rẹ̀ wú!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà lójú ẹsẹ̀ fún Kónọ̀ àti fún èmi tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn Òyìnbó inú bọ́ọ̀sì ń wò wá.

Ẹ wá gbọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ṣé ó lè jókòó kalẹ̀ kí àgbà máa gbàdúrà fún un? Ara mi kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ orí mi. Mo gbé ike sórí ìjókòó, mo na gbalaja sí àárín bọ́ọ̀sì pé, "Ẹ ṣé, Mà." Àfi gbàà! Dẹ́rẹ́bà tẹ búréèkì. Ike fò, ọmọrí ṣí, omi tútù dà sí mi lẹ́yìn, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún pọ́ún ní ẹ̀yìn ọrùn mi.

"Kónọ̀ ti já bọ́!" mo figbe ta láti ilẹ̀. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Màmá Alàgbà dá àdúrà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì mú Kónọ̀ kúrò lọ́rùn mi jẹ́jẹ́, ó dá a padà sínú ìwọ̀nba omi tó kù nínú ike. Ọmọbìnrin kan da omi ìgò rẹ̀ kún un. Ìgbà náà ni Màmá wò mí.

"Ṣé Brother Kónọ̀ rèé?"

"Òun ni, Mà."

"Kí lo fún un jẹ?"

"Edé, Mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bèèrè bóyá gbogbo wa wà ní grand, bí àwọn ará Dublin ṣe máa ń pe àlàáfíà, Màmá ló dá a lóhùn pé a wà ní grand, pé arákùnrin wa kan ló ṣubú. Ó sì tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní òun ò lè gbàdúrà dé ààbọ̀.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wo Kónọ̀ yíká. Ó ní ogbó ló ń ṣe é, àti oúnjẹ àjẹjù. Ó ní yíyanu tó ń yanu lókè omi, afẹ́fẹ́ ló ń mí, bẹ́ẹ̀ ni irú wọn ṣe máa ń ṣe. Kí n má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí omi rẹ̀ mọ́ kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Màmá yíjú sí mi: "O gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn?"

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n fóònù mi ò jẹ́ kí n gbádùn. Màmá kò tíì pa fóònù tirẹ̀ nígbà tí mo figbe ta nínú bọ́ọ̀sì, igbe mi sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnì kan gbọ́ pé Brother Kónọ̀ já bọ́ láti inú bọ́ọ̀sì, ó ní gbogbo ẹgbẹ́ ti wà lórí eékún nítorí rẹ̀. Ẹlòmíràn ń bèèrè ilé ìwòsàn tó wà kí òun lè gbé ọbẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àǹtí pè láti Ìkòròdú. Kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló ń rín.

Láti ọjọ́ náà, mo jókòó. Mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kónọ̀, mo káwọ́ gbera. Ó kọ́kọ́ nira fún mi, ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ tábìlì. Ìgbà tó ṣe, ikùn rẹ̀ fà, ó rọra gòkè wá mí, ó sì padà lọ. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, Tèmi sáré bá Kónọ̀ kó tó bọ́ kóòtù. "Ah, he's grand," ó wí.

"Tèmi, má bínú," mo ní. "Díẹ̀ ló kù kí n pa ẹja ẹ. Kí ló dé tí o fi gbé e fún irú mi?"

Àǹtí ló dáhùn pé aládùúgbò wa kan tó ń sin ẹja ti bẹ Tèmi kó gbé Kónọ̀ wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n Tèmi kọ̀. Ọmọ náà wolẹ̀. Ó wá la ẹnu, Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Mi ò fẹ́ kí ẹ dá nìkan wà."

Mo ní ata kó sí mi lójú. Kò sẹ́ni tó ń se nǹkan kan.

Kónọ̀ bá wa gbé títí òtútù fi dé, ó wá sùn ní àárọ̀ Sátidé kan, kò jí mọ́. Ike áísíkiriìmù náà la fi sin ín sẹ́yìnkùlé. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ohun tí arúgbó ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, kí a sáà jókòó tì í. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí ohun tí òun ń ṣe fún mi látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá Alàgbà dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di Tèmi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù Brother Kónọ̀ o." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi méjèèjì bóyá mo gbé nǹkan dání.