Saodat Tó Ń Bú Ìrẹsì Onírẹsì

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Saodat, aládùúgbò mi ní ìlú Margilan níbí, fi bú ìrẹsì obìnrin kan lórí fóònù.

Obìnrin náà kì í fojú hàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń rí nínú fídíò, pẹ̀lú òrùka olókùúta búlúù, tó ń da kárọ́ọ̀tì sínú epo gbígbóná fún palov, ìrẹsì alẹ́ran ilẹ̀ wa: ṣáààà! Kí epo tó dákẹ́, Saodat ti kọ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ: "Ṣé palov nìyí àbí sìmẹ́ńtì? Ajá wa gbóòórùn ẹ̀ nínú fóònù, ó kó kúrò nílé."

"Màmá, ẹ rọra," Muattar ọmọbìnrin rẹ̀ á ní.

"Òǹwòran lásán ni mí. Kí ni mo ṣe?"

Wọ́n ń wàásù fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ pé málàíkà méjì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wa sílẹ̀. Saodat ṣàánú wọn. Ó ń bá wọn kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó tún ń lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Muattar ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìdílé méjì ti wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n mu tíì, wọn ò padà wá. Nígbà tí ẹ̀kẹta ránṣẹ́, Saodat gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí n wá bá òun gbé àwo.

Hurmat, ìyá ọkọ, wọlé, ó jókòó. Búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀. Tó bá bù ú, ó ti gba ọmọ nìyẹn. Tí kò bá bù ú, ó dàbọ̀.

Saodat gbé tíì fún un. Hurmat nawọ́ gbà á.

Òrùka olókùúta búlúù.

Saodat fi àwo bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í fẹ́ ara rẹ̀.

"Ṣé kò sí o?"

"Ooru ló ń mú mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Nínú yìnyín yìí?" Hurmat yọ fóònù. "Ẹnì kan ń jẹ́ Ìyá Muattar níbí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Muattar pọ̀ nílùú yìí."

"Ojú yín ńkọ́, òun náà pọ̀?"

Ẹ̀rín ń pa mí. Mo fi ìborí bo ẹnu, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàdúà.

Hurmat ní, "Kí ẹ tó dé sábẹ́ fídíò mi, ogójì èèyàn ló ń wò mí, ẹbí ọkọ mi ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní báyìí wọ́n ti pé ọ̀kẹ́ méjì. Wọn ò tiẹ̀ wo ìkòkò mọ́, ẹnu yín ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ikọ́ dá yín dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń bi mí bóyá ẹ ti kú. Ta ló bi mí léèrè ìrẹsì?"

Ó bu búrẹ́dì sí méjì, ó mú ààbọ̀ lọ sílé.

Saodat sunkún ayọ̀. Ó sì ronú pìwà dà, torí a kì í bú àna níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kọ ọ́ pé: "Palov yín dùn, àna mi ọ̀wọ́n. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ yín." Ó tún un kọ lọ́jọ́ kẹta.

Òǹwòran ṣí lọ wìtìwìtì.

Lọ́jọ́ kẹrin, Hurmat dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ààbọ̀ búrẹ́dì lábíyá.

"Ẹ gba búrẹ́dì yín. Ẹnu tí mo bá dá àna kọ́ nìyí."

"Àna mi, mo bẹ̀rù Ọlọ́run ni."

"Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, kẹ́ ẹ sì bú ìrẹsì."

Saodat wo Muattar. Ó wo òkè. Ó ṣe àlùwàlá, ó gbé fóònù, ó kọ ọ́:

"Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run, àna mi ọ̀wọ́n, ẹ gbé ìrẹsì yìí fún bíríkìlà."