Bí Àkàndé Ṣe Ja Ogun Ẹ-káàárọ̀

Àkàndé, ọmọ Ṣàngódèyí tí ó fi igbe kan ṣoṣo lé agbo ìnàkí kúrò lóko àgbàdo, ọmọ-ọmọ Ajíléye tí ó jókòó sórí àga títí àga fi bẹ̀bẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n bí odó, tí agbádá rẹ̀ máa ń wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, tí gbogbo Òkè-Ọ̀sìn ń yà fún lọ́nà, nítorí pé bí ó bá dá ènìyàn dúró, ìtàn ìran rẹ̀ ni yóò fi gbá a mú títí ọbẹ̀ yóò fi jóná nílé onítọ̀hún: òun ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kókìkí lónìí, nítorí ogun tí ó jà, kò sí akọni tí ó ja irú rẹ̀ rí.

Ọ̀tá tí ó dojú kọ ọ́ kò ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Irewọlé ni, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ó ti Èkó wá lo ìsinmi ilé-ìwé. Lọ́jọ́ tí ó dé, Ìyá Adéọtí, tí ó dàgbà jù nínú ẹbí, wá wò ó. Ọmọ náà kò kúnlẹ̀. Ó ju ọwọ́ sókè, ó ní, "Háì."

Ìyá arúgbó náà wo ọwọ́ náà títí. "Àkàndé, ṣé eṣinṣin ló ń bá mi lé?" Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Lọ́jọ́ Àìkú la ó yan olórí ẹbí. Ẹni tí kò lè kọ́ ọmọ kan ní ìkíni, àgbà wo ni yóò lè kó jọ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún akọni wa bí ọfà olóró. Oyè yìí ló ti ń lá lálàá láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó búra, ó kọjú sógun.

Ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà jókòó, ó to ìtàn ìran wọn sílẹ̀ bí ẹni ń to iṣu sí àká, kí ọmọ lè mọ ìdí tí a fi ń kúnlẹ̀. Ọmọ náà sùn lọ. Ó wá na pàṣán sókè bí Ṣàngó tó na oṣé. Ọmọ ké, Ìyá Ládùn aya rẹ̀ gba pàṣán, ó fi dáná. Jagunjagun yí ọgbọ́n padà, ó ra páálí biskíìtì kan. Ọmọ kúnlẹ̀, ó jẹ, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Nígbà tí biskíìtì tán, ìkúnlẹ̀ tán. Kìnnìún tó bá ẹfọ̀n wọ̀jà kò láàgùn tó Àkàndé.

Ohun tí akọni kò rí, nítorí òkè ni ojú akọni máa ń wà, ni ohun tí Ìyá Ládùn ń ṣe. Láràárọ̀, obìnrin náà máa ń bẹ̀rẹ̀ títí ojú òun àti ti ọmọ yóò fi ṣe déédéé, á fi oríkì pe ọmọ náà, á ní, "Àwẹ̀ró, o jí ire? Ṣé oorun dùn mọ́ ọ?" Kò ní kí ó kúnlẹ̀. Ó sáà ń kí i. Nígbà tó yá, ọmọ náà tètè jí, ó wá a lọ sídìí ààrò, ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Àgbà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ìyá Ládùn kò pariwo. Ó dá a lóhùn, ó sì gbọn eérú kúrò lórúnkún rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé, àwọn àgbà ẹbí sì pé jọ. Àkàndé ti ọmọ síwájú bí ẹrú tí a kó lójú ogun. Irewọlé kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn dùn.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Ìyá Adéọtí bi í.

Kí ọmọ tó lanu, akọni ti ká agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Èmi ni, èmi Àkàndé, àrá tí ń sán ṣáájú òjò!"

"Màmá Àgbà ni," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n máa ń kí mi."

Ìyá Adéọtí gbójú sókè. "Ó dára. Ọmọ ti kí wa. Ìwọ ńkọ́, Àkàndé?"

Láti ìgbà tí ó ti wọlé, akọni kò tíì kí ẹnì kankan.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ọ̀nà àsálà. Òkè ńlá bá wó lulẹ̀: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá bo sìmẹ́ńtì, ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sá. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

Wọn kò fi í jẹ olórí ẹbí. Wọ́n ní kí ó lọ máa fi ìkíni yẹn dánra wò ná. Síbẹ̀, kí Òkè-Ọ̀sìn gbọ́, kí odò gbọ́ kí ó sọ fún òkun, kí alálàáfíà àti aláìsàn jọ gbọ́: Àkàndé ọmọ Ṣàngódèyí, akọni tí ń fi àyà gbá ìjì, ti kí ènìyàn, wọ́n sì dá a lóhùn.