Lẹ́tà Ojú Ewé Mẹ́sàn-án

Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí ilé ti ń fèjìká ti ilé, ọkùnrin kan wà tí í gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí mọ́sáláṣí. Salahudeen ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi kírun o. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí òun bá fi í sílé, àwọn ènìyàn lè gbàgbé irú ẹni tí òun jẹ́ kí òun tó ṣe àlùwàlá tán.

Akọ̀wé ẹbí ni nínú agboolé wọn. Ìyẹn ni pé òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó wá sípàdé àti orúkọ àwọn tó pẹ́ dé. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti gómìnà. Awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ awò ìkàwé ni dókítà ní kó lọ rà. Ó ní awò ìkàwé ń sọ ènìyàn darúgbó.

Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún gan-an ti darúgbó ju olówó rẹ̀ lọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dákú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá lọ, Salahudeen a pè é, a fi nọ́ńbà kan hàn án lórí ímeèlì rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lẹ́tà tí kò tíì kà. "Ṣé ẹ rí bí ayé ṣe ń wá mi?" ni yóò wí. Ayé ń wá a lóòótọ́. Ẹni tó ń ta bàtà ń wá a, ẹni tó ń ta oògùn tí ń fa ikùn wọlé ń wá a, iléeṣẹ́ kan náà sì wà tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún mẹ́fà pé kó jọ̀ọ́ kó wá fìdí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí ògo rẹ̀ wá kún dé ni ìbuwọ́lùwé. Nísàlẹ̀ gbogbo ímeèlì tó bá kọ, ì báà jẹ́ "Mo ti rí i" lásán, kọ̀ǹpútà a so oríkì yìí mọ́ ọn: Olóyè Ẹnjiníà Alhaji Ọmọọba Salahudeen, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Ògbóǹtarìgì Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà, Olùdámọ̀ràn fún Ilẹ̀ Áfíríkà àti Agbègbè Rẹ̀.

Ó ń jẹ́ Ẹnjiníà nítorí pé ó tún fáànù ṣe rí. Ó ń jẹ́ Alhaji nítorí pé ó ní i lọ́kàn láti lọ. Ní ti Ọmọọba, ẹ sọ fún mi, ta ni kì í ṣe ọmọọba ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Lábẹ́ oríkì náà, ìlà kan tún wà tó fi lẹ́tà wínníwínní kọ. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ kan ló ti rí i, ó sì dà á kọ nítorí ó ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn ńlá ló ń lò ó. Ohun tí ìlà náà ń sọ kò kàn án.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú Salahudeen wọ yàrá iwájú. Títì ni yàrá náà dojú kọ, ibẹ̀ sì ni Memunat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti di olóògbé, ti ń rán aṣọ iléèwé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti yàrá kan yẹn ni opó náà fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní kó kó jáde, kò níbi tó máa kó lọ. Salahudeen mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fi yàrá ọ̀hún ṣe ọ́fíìsì, ó ti fi ìlẹ̀kùn onígíláàsì sí i, ó ti fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Pátákó tí oríkì rẹ̀ wà lára rẹ̀ ti wà nílẹ̀ pàápàá. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló gbé e pamọ́ sí.

Alhaja Hàwáwù, olórí ẹbí, arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò ní gbà láéláé. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́ létí lórí ọ̀rọ̀ ilé náà, ìyẹn Haleem, ọmọ ẹbí tó wà ní Mánṣẹ́sítà, tó fi páànù tuntun bo ilé fún wọn. Bí Haleem bá kọ̀wé pé kí Memunat kó jáde, ta ni yóò jiyàn? Haleem kò kúkú kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn náà tó ìṣòro lọ́wọ́ ògbóǹtarìgì?

Ó gba Apọ́ngbọ̀n lọ, ó lọ bá Jóṣúà tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà fún ará ọjà. Ó ní kó fi orúkọ Haleem ṣí ímeèlì tuntun. Ọjọ́ márùn-ún ni àwọn méjèèjì fi ń kọ̀wé síra wọn. Jóṣúà a kọ lẹ́tà náà ránṣẹ́, Salahudeen a fèsì pé kó fi eléyìí kún un, kó yọ tọ̀hún kúrò, Jóṣúà a tún fèsì padà. Lójú láptọ́ọ̀pù, lẹ́tà tó dé kẹ́yìn nìkan ló ń hàn. Gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ ṣáájú ká ara wọn jọ sábẹ́ tóótòòtó mẹ́ta kan nísàlẹ̀. Salahudeen kò tẹ tóótòòtó náà rí láyé rẹ̀. Láti inú awò dúdú, ìdọ̀tí ló pè é, aṣọ ló fi ń nù ún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kan ní Adéníji Adélé kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ní agboolé wọn, lẹ́tà tí kò bá sí lórí bébà kì í ṣe lẹ́tà. Ojú ewé kan ló ń retí. Mẹ́sàn-án ló jáde. Obìnrin tó ni ìsọ̀ bi í bóyá kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo ojú ewé àkọ́kọ́, ó rí i pé ó dùn, ó gbé ìyókù lọ́wọ́ wò bí ẹni tó ń wọn ẹran, ó ní lẹ́tà ìlú òyìnbó kì í fúyẹ́. Ojú mẹ́ta ni ó ti fi pín-ìn-nì gún un kó má baà tú. Ẹni tó máa jìn sí kòtò, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀ ẹ̀bá kòtò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín nínú agboolé yẹn. Láyé baba Alhaja Hàwáwù, akọ̀wé kan mú lẹ́tà wá, ó ka iwájú rẹ̀ tó dùn, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, wọ́n tẹ̀ka, ilẹ̀ wọn sì lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó gbé lẹ́tà wá kì í ka lẹ́tà. Ẹlòmíràn ni yóò kà á sétí gbogbo ènìyàn, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ẹbí ló ń kọ òfin yìí sínú ìwé lọ́dọọdún. Salahudeen ni akọ̀wé ẹbí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àgbàlá kún. Ihsan ni wọ́n gbé lẹ́tà fún, olùkọ́ iléèwé tí ohùn rẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń túmọ̀.

Haleem kí Alhaja, ó kí gbogbo ẹbí. Ó ní ìlọsíwájú ti kọjá abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó ní kí Memunat kó jáde ní yàrá iwájú kí oṣù tó parí, kí wọ́n fi ibẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé inú ẹbí, Salahudeen, ẹni tí irú rẹ̀ kò sí ní Mánṣẹ́sítà.

Memunat ń ká téèpù ìwọnṣọ mọ́ ìka, ó ń tú u, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Salahudeen dorí kodò bí ẹni tí oyè bá lójijì. Ó ní òun kọ́ lòun bẹ Haleem o, ìfẹ́ ìlọsíwájú ló ń dà á láàmú.

"Ṣé ó tán?" Alhaja Hàwáwù bèèrè.

"Ó ku ojú ewé mẹ́jọ, Ìyá Àgbà," ni Ihsan dáhùn.

Salahudeen sáré ní gírámà tí kọ̀ǹpútà máa ń fi kún ìwé lásán ni ìyókù.

"Ka gírámà náà," ni Alhaja wí. "Gírámà tí baba mi kò gbọ́ ló gba ilẹ̀ wa."

Ihsan ṣí ojú ewé kejì. "Jóṣúà, ó dára báyìí. Fi ránṣẹ́. Má gbàgbé láti yọ orúkọ rẹ kúrò. Èmi ni, Olóyè Ẹnjiníà Alhaji Ọmọọba Salahudeen, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá..." Òfin ni òfin; ó kà á dé Agbègbè Rẹ̀, ẹ̀rín àwọn ọmọdé sì bo èyí tó kù.

Ẹnì kan bèèrè pé ọmọ ta ni Jóṣúà nínú ẹbí yìí. Ihsan ṣí ojú ewé kẹta. Jóṣúà ló ń kọ̀wé níbẹ̀: ó ti fi "irú rẹ̀ kò sí ní Mánṣẹ́sítà" kún un bí ọ̀gá ṣe ní kó ṣe, ṣé ó ti tó báyìí? Ní ojú ewé kẹrin, ọ̀gá ní gírámà rẹ̀ rọ̀ jù, ọmọ ìlú òyìnbó ló ń kọ ọ́, kó jẹ́ kó le bí eegun. Oríkì tún tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọmọdé ti ń bá Ihsan kà á. Nígbà tí wọ́n dé "Ilẹ̀ Áfíríkà", gbogbo àgbàlá ló gbè é pé "àti Agbègbè Rẹ̀!", ẹ̀rín sì bo ìlà wínníwínní tó kù nísàlẹ̀.

Salahudeen dìde. Ó ní àwọn olè orí kọ̀ǹpútà ti já wọ inú ímeèlì òun.

"Olè náà buwọ́ lù ú," ni Ihsan wí, ó sì ṣí ojú ewé karùn-ún.

Jóṣúà ló tún kọ eléyìí. Ó ní, "Ọ̀gá, obìnrin tí ẹ fẹ́ lé yìí, ẹ ní ó lọ́mọ mẹ́ta. Ṣé kò sí yàrá mìíràn?" Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tí ó ń fèsì sí wà ní ojú ewé kẹfà: "Ó bímọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta kò kàn mí. Pátákó mi ti gbẹ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, mi ò níbi tí mo máa gbé e kọ́ sí."

Ibẹ̀ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Memunat gbójú sókè, ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ẹni tó wà ní àgbàlá yẹn tí inú rẹ̀ kò bà jẹ́, kò bímọ, wọn kò sì bí i ire.

Nígbà tí Ihsan dé ojú ewé kẹsàn-án, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Jóṣúà, má bẹ̀rù. Arúgbó tó ń ṣolórí wa kò mọ̀wé, oorun ló ń sùn nípàdé. Ohun tí a bá ti tẹ̀ sórí bébà ni yóò gbà."

Alhaja Hàwáwù kò bínú. Ó ní kí Memunat nu ojú rẹ̀, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹni tó bá máa lé e níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ lé òun. Ó ní kí wọ́n lọ gbé pátákó náà wá lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀ fún Memunat, kó máa gé aṣọ lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí akọ̀wé ẹbí.

"Ìlà kan wà nísàlẹ̀ oríkì rẹ tí ẹ̀rín ò jẹ́ ká gbọ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. A kì í fo ọ̀rọ̀ nílé yìí. Lónìí nìkan, mo gbà kí ẹni tó gbé lẹ́tà wá kà á."

Salahudeen gba bébà. Ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra, kò rí nǹkan kan. Alhaja bọ́ awò tí òun fi ń ka Kùránì, ó nà án sí i. Ó yọ awò dúdú rẹ̀ níṣojú gbogbo ẹbí, ó fi ti arúgbó sójú, ó ka ìlà náà lédè òyìnbó pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Túmọ̀ rẹ̀," ni Alhaja wí.

Salahudeen fi ìka tọ ìlà náà lọ.

"Ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ lẹ́tà yìí sórí bébà.'"